Káàdì Méjì Àkọ́kọ́ Nínú Ìdíje Póókà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Iye Ṣíìpù Ṣe Ń Yí Ìpinnu Padà

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lọ láti ìgbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan ti ń jókòó kọ́ póókà ìdíje, ìyẹn no-limit Texas Hold'em, níbi tí oníkálukú ti ń gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò rí kí wọ́n tó ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Káàdì méjì àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, mo sì gbà pé ẹni tó ń ka èyí ti mọ òfin eré náà. Nígbà tí mo bá pe káàdì ní ìbejì, àwọn méjì tí iye wọn jọra ni mò ń sọ, bíi 7 méjì. Alámì kan ni àwọn tí àmì kan náà wà lára wọn, alámì méjì sì ni àwọn tí àmì ara wọn yàtọ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ṣíìpù ẹnì kan jìn tàbí pé kò jìn?

Iye big blind tó wà lọ́wọ́ ẹni náà ni wọ́n ń kà. Big blind ni owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó rí káàdì rẹ̀, small blind sì ni ìdajì rẹ̀, tí ẹni tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fi sílẹ̀. Ká ní ṣíìpù 24,000 ló wà níwájú yín. Bí big blind bá jẹ́ 600, ẹ ní 40; bí ipele bá yí tí ó di 1,200, ẹ ti di ẹni tó ní 20; bí ó bá sì di 2,400, mẹ́wàá péré ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣíìpù tó wà nílẹ̀ kò dín ní ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí iye ṣíìpù lásán kò fi ní ìtumọ̀ nínú ìdíje.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni pé, nínú ẹni méjì tó ń figagbága, ṣíìpù ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ni a fi ń ṣe ìṣirò. Ẹni tó ní 80 tí ó dojú kọ ẹni tó ní 12, eré 12 ló ń ṣe, ohun yòówù kí ó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Paul Magriel, tó jẹ́ ọ̀gá nínú backgammon kí ó tó di ẹni mímọ̀ nídìí póókà, ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà kà á, èyí tí wọ́n ń pè ní M títí di òní: ó máa ń fi àpapọ̀ owó tí ẹnì kan ń san nígbà tí eré bá yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan pín ṣíìpù ẹni náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje lónìí, ẹni tó wà ní ipò big blind ló ń san ante, ìyẹn owó mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, fún gbogbo tábìlì, nítorí náà yíyípo kan ń gba ìdajì, kan, àti kan mìíràn, ìyẹn 2.5. Ẹni tó ní big blind mẹ́wàá lè fara dà á fún yíyípo mẹ́rin péré bí kò bá ṣe ohunkóhun.

Kí ló dé tí káàdì kan náà fi lè dára níbì kan kí ó sì burú níbòmíràn?

Nítorí pé ọ̀nà méjì ni káàdì ń gbà pa owó wọlé. Àwọn kan wà tí agbára wọn ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n lè borí láìrí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà láti àárín tábìlì: A ló ṣáájú nínú wọn, àwọn ìbejì ńlá sì tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn dà bí ẹyin tí a ń retí kó pa. 6-5 alámì kan kò jámọ́ nǹkankan fúnra rẹ̀ títí àárín tábìlì yóò fi gbè é, ìgbà tí ó sì ń gbè é kò pọ̀. Owó tí a bá jẹ lọ́jọ́ tó bọ́ sí i gbọ́dọ̀ san gbèsè gbogbo ọjọ́ tí kò bọ́ sí i, èyí kò sì ṣeé ṣe àfi tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi 4 méjì wò ó. Ìbejì tó wà lọ́wọ́ ń rí ìkẹta rẹ̀ nínú flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, ní ìgbà 11.8 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ká ní ẹnì kan ti fi big blind 2.2 sílẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì san iye kan náà láti bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìkẹta yẹn nìkan lẹ gbójú lé, ẹ máa pàdánù 2.2 ní ìgbà méje àti ààbọ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá rí i, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16.5. Ẹni tó ní 100 lọ́wọ́ lè san iye yẹn fún yín láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 12 ló ní, 9.8 ló kù lẹ́yìn 2.2 tó ti fi sílẹ̀. Ẹ fi 2.2 yẹn kún un, ẹ tún fi 2.5 ti blind àti ante kún un, 14.5 ni gbogbo rẹ̀. Kódà kí ó kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún yín ní gbogbo ìgbà, ẹ ṣì jẹ gbèsè. Ìdí nìyí tí 4 méjì fi di káàdì tí a ń fi kó gbogbo ṣíìpù sílẹ̀ tàbí kí a dà á nù nígbà tí ṣíìpù bá kéré; kí a kàn san owó láti wo flop ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní báyìí, ẹ gbé A-4 alámì méjì sí ẹ̀gbẹ́ 6-5 alámì kan. Ní 100 big blind, bí ẹ bá wà láàárín tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọlé, 6-5 yẹn ṣeé fi owó kún, nígbà tí A-4 yẹn jẹ́ ohun àdànù, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ bá yín ná owó ńlá nígbà tí A bá jáde, A tirẹ̀ máa ń ní ẹnìkejì tó ju 4 lọ. Ní mẹ́wàá, tí ẹni tó wà ní button, ìyẹn ipò tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn flop, bá kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀yin sì wà ní big blind, A-4 ni ẹ máa fi gbà á láìrojú, 6-5 ni ẹ máa dà nù. Ibi tí káàdì méjèèjì ti gba ipò ara wọn yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù ń yí ká.

Oríṣi káàdì méjì mélòó ló wà gan-an?

Oríṣi 169 ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà 1,326 ni wọ́n lè gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹni. Ìbejì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 6, alámì kan ní 4, alámì méjì ní 12. Ẹ má fojú kéré ìṣirò yìí. Bí A kan bá ti wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà 6 tí ẹlòmíràn fi lè ní A méjì ti di 3, ọ̀nà 16 tí ó fi lè ní A-K sì ti di 12. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ eré náà dunjú ṣe máa ń fi A-5 alámì kan dẹ́rù ba èèyàn.

Báwo ni kí n ṣe yan káàdì nígbà tí ṣíìpù bá jìn, bíi 60 sókè?

Nínú ìdíje àgbà ti World Series of Poker ní Las Vegas, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là, ṣíìpù 60,000 ni wọ́n fún oníkálukú ní 2019, nígbà tí ipele àkọ́kọ́ sì jẹ́ 100 àti 200. Big blind 300 nìyẹn. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ipò tí ẹ jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo káàdì. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú tábìlì ẹni mẹ́sàn-án kò gbọ́dọ̀ máa fi ohun tó pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́fà káàdì lọ wọlé, nígbà tí ẹni tó wà ní button lè fẹ̀ ẹ́ títí dé ìtòsí ìdajì bí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ bá ti jáwọ́.

Káàdì alámì kan gbówó lórí níbí, pàápàá tí A bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí àmì márùn-ún bá pé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí tirẹ̀ lè ju tiyín lọ. Ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni K-J àti A-10 alámì méjì láti ipò iwájú. Wọ́n dùn ún wò, àmọ́ ẹni tó bá gbà láti bá yín ná 100 big blind lórí K tó jáde sábà máa ń ní K-Q tàbí A-K. Ìbejì kan ṣoṣo kò tó láti fi gbogbo ṣíìpù gbèjà nígbà tí ṣíìpù bá jìn tó báyìí. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti da A-K nù lẹ́yìn tó ti rí A ní flop, àmọ́ ìgbà mìíràn á wà tí ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Láàárín 20 sí 40 ńkọ́?

Ibí ni ìdíje ti ń lo àkókò tó pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ìwé àtẹ káàdì àwọn èèyàn, èyí tó ń sọ káàdì tó yẹ kí a ta ní ipò kọ̀ọ̀kan, máa ń dákẹ́ sí. Ohun méjì ló ń yí padà. Àkọ́kọ́, owó tí a fi ń wọlé ń kéré sí i: 2 tàbí díẹ̀ lé ní 2 ti tó, nítorí kò yẹ kí a fi ohun tó pọ̀ dán ọ̀tá wò nígbà tí ó lè kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ dá wa lóhùn. Èkejì ni ìdáhùn yẹn gan-an. Bí ẹnì kan bá fi 2 wọlé, ohun tó wà nílẹ̀ ti di 4.5 pẹ̀lú blind àti ante. Ẹni tó ní 20 tó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí máa jẹ 4.5 bí ọ̀tá bá sá, èyí sì ju ìdá kan nínú márùn-ún ṣíìpù rẹ̀ lọ, láìwo flop rárá.

Káàdì tó yẹ fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń dí ọ̀nà A tàbí K mọ́ ọ̀tá, tí kò sì ní kú pátápátá bí ọ̀tá bá gbà: A-5 alámì kan, K-Q alámì kan, ìbejì àárín bíi 8 méjì. Ohun tí kò yẹ ni kí a fi 6 tàbí 7 nínú 20 dáhùn kí a sì tún da káàdì nù nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ lé wa lórí. Owó yẹn lọ gbé nìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé láti 15 sísàlẹ̀, kíkó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tàbí dídà á nù nìkan ló kù?

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní 15. Láti ipò iwájú, ẹni tó ní 15 ṣì lè fi 2 wọlé pẹ̀lú káàdì tó lágbára. Nígbà tó bá fi máa di mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, ó sì rọrùn láti ṣírò. Ẹ fi 10 wewu láti jẹ 2.5. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ò lè borí láé nígbà tí wọ́n bá gbà á, àfi kí wọ́n máa sá ní ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó bọ́. Àmọ́ kò sí káàdì tí kò lè borí láé. Ká ní ẹni tó wà ní big blind ló gbà á: ohun tó wà nílẹ̀ yóò di 21.5, èyí tí káàdì tó lè borí ní ìgbà 35 nínú ọgọ́rùn-ún yóò sì gbà padà nínú rẹ̀ ní ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí 7.5. Àdánù yín ní ìgbà tí wọ́n bá gbà á kò wá ju 2.5 lọ, èrè yín nígbà tí wọ́n bá sá sì jẹ́ 2.5. Kí wọ́n sá ní ìdajì ìgbà ti tó. Ìyàlẹ́nu ni èyí máa ń jẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi bírò ṣe é lórí ìwé, òun ló sì jẹ́ kí ẹni tó wà ní small blind lè kó big blind mẹ́wàá sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì tó ju ìdajì gbogbo káàdì lọ nígbà tó bá ku òun àti big blind nìkan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n máa fi káàdì tí kò dára gbèjà big blind?

Nítorí pé ẹ ti san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi 2 wọlé tí àwọn yòókù sì jáwọ́, 4.5 wà nílẹ̀, 1 péré ni ẹ máa fi kún un. Ẹni tó fi 1 kún un kí gbogbo rẹ̀ lè di 5.5, ìgbà 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó nílò. Ní ayé ìgbà tí kò sí ante, 22 ni ìbá jẹ́. Kò túmọ̀ sí pé 9-2 alámì méjì ti di káàdì gidi, nítorí ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn flop kì í rí gbogbo ẹ̀tọ́ káàdì rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n Q-6 alámì kan, 8-7 alámì méjì àti irú wọn kò yẹ ní dídà nù níwájú ẹni tó wà ní button. Bí ó bá jẹ́ pé small blind ló kó mẹ́wàá sílẹ̀, 9 ni ẹ máa san kí gbogbo rẹ̀ lè di 21, ẹ sì nílò ìgbà 43 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èmi fúnra mi jìyà èyí. Àtẹ tí mo kọ́kọ́ há sórí jẹ́ ti eré tí kò ní ante, n kò sì wo àkọlé rẹ̀ dáadáa. Fún oṣù mélòó kan ni mo fi ń da big blind mi nù bí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí mo sì ń pe ara mi ní onísùúrù.

Kí ni ICM, ṣé ó kan káàdì àkọ́kọ́?

Ó kàn án gidigidi. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Independent Chip Model, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń yí ṣíìpù padà sí owó gidi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tó kù nílẹ̀ ti rí. Ká ní ó ku ẹni mẹ́ta, ṣíìpù wọn dọ́gba, ẹ̀bùn sì jẹ́ náírà 500,000, 300,000 àti 200,000. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 333,333. Ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì fẹ́ gbà á. Bí ẹ bá borí, ẹ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣíìpù, ìpín yín sì di 433,333: èrè 100,000. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ gba ẹ̀bùn ẹnìkẹta, 200,000: àdánù 133,333. Ṣíìpù tí ẹ lè jẹ àti èyí tí ẹ lè pàdánù dọ́gba, ṣùgbọ́n náírà wọn kò dọ́gba, ẹ sì nílò ju ìgbà 57 lọ nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó pé yín.

Ẹ wò ó báyìí: Q méjì níwájú A-K alámì méjì ń borí ní nǹkan bí ìgbà 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká tilẹ̀ sọ pé ọ̀tá ṣí A-K rẹ̀ hàn yín, gbígbà á pẹ̀lú Q méjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èrè kankan wá. Ẹni tó kọ́kọ́ kó tirẹ̀ sílẹ̀ kò sí nínú ìhá yìí, nítorí òun ní àǹfààní pé ẹlòmíràn lè sá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀bùn bá ti sún mọ́ tòsí, ẹ lè máa kó gbogbo ṣíìpù sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi gba ti ẹlòmíràn.

Ní satellite, ìyẹn ìdíje kékeré tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ àyè nínú ìdíje ńlá, níbi tí ẹ̀bùn gbogbo àwọn tó yege ti jẹ́ ọgbọọgba, ó lè le débi pé A méjì gan-an di ohun tí a ń dà nù. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 86 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Chris Moneymaker gbà dé Las Vegas ní 2003, tó sì gba 2,500,000 dọ́là nínú ìdíje àgbà níbẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́?

Láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti 100 nítorí pé ibẹ̀ ni ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà ní 100 gbára lé ohun tí ẹ máa ṣe ní flop àti lẹ́yìn flop, èyí tí ẹ kò tíì mọ̀. Ní mẹ́wàá, ìṣirò ń parí kí flop tó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti small blind sí big blind ní mẹ́wàá, ẹ bọ́ sí button, kí ẹ sì máa padà sẹ́yìn ní ipò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ gòkè lọ sí 15, 25 àti 40. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò yìí, ICMIZER àti HoldemResources Calculator wúlò fún ṣíìpù kékeré. GTO Wizard àti PioSOLVER wúlò fún èyí tó jìn. Ẹ má há gbogbo àpótí 169 sórí. Ẹ kọ ẹni tó kéré jù nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ìbejì wo ló kéré jù, A alámì méjì wo, K alámì kan wo. Ìlà mẹ́fà tàbí méje ti tó fún ipò kan.

Ṣé mo lè ṣí àwọn irinṣẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń ta lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Rárá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kà á léèwọ̀, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú.

Bí àwọn tí mò ń bá ta kò bá mọ àtẹ kankan ńkọ́?

Àtẹ gbà pé ọ̀tá mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kì í da A kankan nù, ẹ yọ káàdì tó gbára lé pé kí ó sá kúrò, bíi K-4 alámì kan, kí ẹ sì di A-9 àti ìbejì mú. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti kúrò kí ẹ̀bùn tó dé, ẹ fi oríṣi káàdì tó pọ̀ sí i kó gbogbo ṣíìpù sílẹ̀, ẹ rántí ìdajì tí a ṣírò lókè. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ ojú ọ̀nà kí ẹ tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé òun ń yí eré padà nítorí ọ̀tá, àṣà àtijọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n?

Kí ẹnì kan pe ipò àti iye fún yín lójijì: "Ṣíìpù 14, ẹni méjì ló wà láàárín yín àti button, kò sẹ́ni tó wọlé." Ẹ dáhùn ìbejì tó kéré jù àti A alámì méjì tó kéré jù kí ẹ tó kà dé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ wo àtẹ. Bí ẹ bá fi oríṣi kan ṣì í, bíi kí ẹ sọ A-9 nígbà tó jẹ́ A-8, owó tó bá a lọ kò tó nǹkan, ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi K-J alámì méjì bá ẹni tó wọlé láti ipò iwájú lọ ní 25, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí lọ́la, nítorí ìyẹn nìkan lè gba gbogbo ohun tí àtẹ tó kù kó wá fún yín.